Bí Ara Ò Bá Dá, Ẹ Kọ́kọ́ Bi Iṣẹ́ Léèrè: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọmọ Aláre

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń jáde lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ yín ń wọlé sùn, ẹ̀yin tí ẹ ń la gẹdú ní sọ́mìlù, tí ẹ ń fọ́ òkúta ní kúárì, tí ẹ ń jó irin, tí ẹ ń yan gàrí, tí ẹ ń ṣọ́ ilé onílé, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe nílẹ̀ Ìjẹ̀bú yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo ṣe mọ́níǹ, mo ṣe nàìtì, mo sì tọ́jú ọ̀pọ̀ ènìyàn tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun ló gbé wọn dè. Ohun tó máa ń dùn mí jù ni pé kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, owó ọwọ́ wọn á ti tán sórí àgbo, ètùtù àti ìṣọ́ òru, wọ́n á sì ti bá ìyá ọkọ tàbí àbúrò bàbá di ọ̀tá nítorí àìsàn tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Mi ò bá àdúrà jà o, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n bí ara ò bá dá, ìbéèrè ló yẹ kó ṣáájú, iṣẹ́ ló sì yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi.

1. Ẹ wo ara àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́.

Yorùbá ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ti iṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Eruku òkúta tí ọmọkùnrin kan fà símú nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún lè má ṣe é ní nǹkan kan títí yóò fi tó ọmọ ogójì. Nígbà tí ikọ́ bá fi máa dé, ó ti kúrò ní kúárì tipẹ́, ó ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní ìgboro. Ta ni yóò tún rántí eruku? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá àjẹ́ lọ síbi tí kò sí.

Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Bí o bá ń wúkọ́, wo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Bí mẹ́ta mẹ́rin nínú wọn bá ń wú irú ikọ́ rẹ, tí ẹ kò sì bá ara yín tan, ọ̀tá ilé wo ló ráyè láti bá gbogbo yín jà pọ̀? Tún wo ọjọ́ ìsinmi. Ikọ́ tó rọlẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó tún gbérí ní Mọ́ńdè, ojú tó ń ta ọ́ níbi iṣẹ́ tó sì dákẹ́ nígbà tí o lọ sí abúlé fún Iléyá, wọ́n ti jẹ́wọ́ ibi tí wọ́n ti wá.

2. Ẹ sọ iṣẹ́ yín fún dókítà, kódà bí kò bá bi yín.

Ní ọdún 1700, dókítà kan ní Ítálì tó ń jẹ́ Bernardino Ramazzini kọ odindi ìwé kan lórí àìsàn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ó ní kí gbogbo dókítà fi ìbéèrè kan kún èyí tí wọ́n ń bi aláìsàn: iṣẹ́ wo lò ń ṣe? Ó ti lé ní 300 ọdún báyìí, síbẹ̀ nínú kílíníìkì tí èrò kún dẹ́nu ọ̀nà, ìbéèrè yẹn sábà máa ń sọnù. Ẹ má dúró dè é. Ẹ sọ ọ́ fúnra yín: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, sọ́mìlù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́fà, èmi ni mo ń ti igi sẹ́nu ayùn." Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn lè yí ìtọ́jú padà. Àìsàn tí eruku òkúta ń fà sínú ẹ̀dọ̀fóró máa ń jọ ikọ́ ẹ̀gbẹ, kódà nínú fọ́tò àyà. Ó sì tún ń ṣílẹ̀kùn fún ikọ́ ẹ̀gbẹ gan-an. Ẹni tí kò sọ pé òun fọ́ òkúta rí lè lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tán, kí àìsàn eruku náà ṣì wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó wò ó.

3. Ẹ má fojú kékeré wo eruku àti ariwo.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni igbó Ọmọ wà, níbi tí à ń pè ní J4. Láti ọdún 1925 ni ìjọba ti sọ ọ́ di igbó ọba. Igi ti jẹ́ ọ̀nà oúnjẹ fún wa láti ìgbà àwọn bàbá wa, sọ́mìlù sì wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ lọ wo ẹni tó ń dúró ti ayùn ńlá níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan: irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ti funfun, eruku ti dì mọ́ ihò imú rẹ̀, ẹ ó kí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó gbọ́. Bó bá sì dáhùn, ariwo ló máa fi dáhùn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti pa ẹ̀rọ. Eruku pákó tó wà lára rẹ̀ yẹn, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ, pàápàá nínú imú. Wọ́n ka eruku òkúta kíkúnná mọ́ ọn, àti èéfín ẹ́ńjìnnì tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, àti èéfín tí àwọn wẹ́dà ń fà símú nídìí irin.

Àkísà tí ẹ ń wé mọ́ imú kò lè dá eruku kíkúnná dúró. Ìbòmú tí wọ́n ń pè ní N95 ló lè ṣe é, kó sì lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, nítorí bí irùngbọ̀n bá jẹ́ kó yanu lẹ́gbẹ̀ẹ́, asán ni. Fún òkúta, omi sàn ju ìbòmú lọ: kúárì tó bá ń wọ́n omi sí òkúta bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ ti dá eruku náà mọ́lẹ̀ kó tó dé imú ẹnikẹ́ni. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń wọ́n ọn kí ẹ tó gba iṣẹ́ níbẹ̀. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ̀dọ̀fóró tí eruku òkúta bá ti sọ di líle kò ní oògùn tí yóò dá a padà sípò.

Ti ariwo, ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi lélẹ̀ ni 85 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́. Bó bá fi 3 lé sí i, wákàtí yẹn á dín sí ìdajì: 88, wákàtí mẹ́rin, 91, wákàtí méjì péré. Ẹ ò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tó wà nítòsí tí ọwọ́ rẹ lè tó bá ní láti pariwo kí o tó gbọ́ ohun tó sọ, ariwo ibẹ̀ ti ń jẹ etí rẹ. Etí tó bá sì lọ báyẹn kì í padà wá.

4. Má ṣe gbé òjé lọ sílé fún ọmọ rẹ.

Mo fẹ́ dúró níbí díẹ̀. Ògìjo, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ṣágámù, kò jìnnà sí wa. Níbẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ kan ti ń yọ́ bátìrì mọ́tò tó ti kú láti mú òjé inú rẹ̀ jáde. Ní ọdún 2025, ilé ìròyìn The Examination àti The New York Times gbé ìwádìí kan jáde lórí ibẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àádọ́rin ènìyàn wò, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí òjé àti àwọn tó kàn ń gbé ládùúgbò. Méje nínú mẹ́wàá ni òjé ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn dé ìwọ̀n tó ń ṣèpalára. Nínú àwọn òṣìṣẹ́, kò sí ẹyọ kan tó mórí bọ́. Ju ìdajì àwọn ọmọdé tí wọ́n yẹ̀ wò ló ní ìwọ̀n tó lè ba ọpọlọ wọn jẹ́ títí ayé.

Ẹ má sọ pé Ògìjo nìkan. Ní Zamfara lọ́dún 2010, ó ju 400 ọmọdé lọ tó kú, nítorí pé òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé ní òjé nínú. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, ọmọ 18 ló kú láàárín oṣù díẹ̀, láti ìparí 2007 wọ 2008, níbi tí àwọn òbí wọn ti ń ṣa òjé bátìrì nínú erùpẹ̀. Àwọn òbí wọ̀nyẹn kì í ṣe ìkà. Oúnjẹ ni wọ́n ń wá.

Nítorí náà, ìwọ ọmọ tó ń tún bátìrì ṣe, ìwọ tó ń ra bátìrì àlòkù káàkiri, ìwọ tó ń ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára mọ́tò kí o tó kùn ún, fetí sílẹ̀. Má ṣe fọ́ bátìrì, má sì yọ́ òjé láàárín ọgbà tí ọmọdé ń gbé, bó ti wù kó kéré tó. Má fi ọwọ́ iṣẹ́ jẹ búrẹ́dì, fọ ọwọ́, fọ ojú. Bọ́ aṣọ iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù, kó o wẹ̀ kó o tó gbé ọmọ, kí ìyàwó rẹ má sì kó aṣọ yẹn pọ̀ mọ́ ìlédìí fọ̀. Òjé kò ní òórùn tí yóò fi kìlọ̀ fún ọ, bẹ́ẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n kan tí a mọ̀ pé kò léwu fún ọmọdé. Ọmọ tó ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì, tí tíṣà ń pè ní olódo, ó lè jẹ́ pé ohun tí bàbá rẹ̀ fi ṣòkòtò kó wọlé ló ń bá a jà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè fi hàn.

5. Ẹ̀yin tí ẹ ń yan gàrí, ẹ gba ara yín lọ́wọ́ èéfín.

Gàrí Ìjẹ̀bú lórúkọ kárí ayé, mo sì ń fi í yangàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó yan án: láti àárọ̀ ló ti jókòó ti agbada, ẹ̀gbẹ́ ojú kan sí iná, ojú rẹ̀ ń ṣomi, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń mí ohun tí ìyá ń mí. Èéfín ìdáná inú ilé pa ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé ní ọdún 2020 nìkan, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ. Ní Ìbàdàn, àwọn olùwádìí kó aláboyún 324 jọ tó ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n fún àwọn kan ní ààrò tó ń lo ẹtanọ́ọ̀lù, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní ọdún 2017: nínú 100 àwọn tó ń dáná bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ju mẹ́fà lọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru, nínú àwọn tó gba ààrò tuntun, kò tó méjì.

Mi ò ní kí ẹ lọ fi ẹtanọ́ọ̀lù yan gàrí. Ẹ jẹ́ kí ààrò ní ihò tí yóò gba èéfín lọ sókè, kí ẹnu ibi tí ẹ ń ki igi bọ̀ sì wà ní ìta ògiri. Ẹ lo igi gbígbẹ. Ẹ gbé ọmọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Kí aboyún kúrò nídìí agbada, kí ó máa bó ẹ̀gẹ́ tàbí kí ó máa kù gàrí títí yóò fi bímọ.

6. Ẹ jẹ́ kí oorun ọ̀sán di oorun gidi.

Ara mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Aago kan wà nínú wa tí ìmọ́lẹ̀ ń darí, àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2017 nítorí pé wọ́n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń jí lóru tó ń sùn lọ́sàn-án ń bá aago yẹn jìjàkadì: ìfúnpá rẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, inú tó ń da oúnjẹ, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ ní wákàtí tí kì í ṣe tiwọn. Bó bá ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, àtọ̀gbẹ àti àìsàn ọkàn ń sún mọ́ ọn. Àjọ jẹjẹrẹ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ka iṣẹ́ òru mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ ní ọdún 2007, wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò ní 2019, ibi tí wọ́n fi sí náà ni wọ́n fi í sílẹ̀ sí.

Síbẹ̀, ilé ìwòsàn kì í ti ilẹ̀kùn lóru, búrẹ́dì tí ẹ ń jẹ láàárọ̀, òru ni wọ́n yan án nínú ààrò. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣe é. Ẹni tó bá ń ṣe é, kí ó jẹun gidi kó tó wọ iṣẹ́, kí ó má jẹ ẹ̀bà ní aago méjì òru. Nǹkan fẹ́ẹ́rẹ́ ti tó. Obì a máa lé oorun lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í tètè kúrò lára. Ẹ jẹ ẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ má jẹ ẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́ lọ, kó má baà tẹ̀ lé yín dórí ibùsùn. Ohun kan náà ni fún àwọn ohun mímu inú agolo tó ń fúnni lágbára. Tramadol àti páráagà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jìnnà sí wọn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ dé fìlà, ẹ wọ dígí dúdú, ẹ má yà sí ọjà Òkè-Ajé, ẹ lọ tààrà sílé. Kí fèrèsé yàrá ní kọ́tìnì tó nípọn, kí fóònù wà ní yàrá kejì.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn ará ilé. Ìyàwó tó ti ibi iṣẹ́ òru dé tó sùn títí di aago méjì ọ̀sán kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, mo bẹ̀ yín, ẹ má jí i pé àlejò dé, ẹ má ní kó wá gúnyán. Ọmọbìnrin yẹn ti gbé aláìsàn títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo ti rí nọ́ọ̀sì tó ń tòògbé lórí ìdúró, kì í ṣe nítorí iṣẹ́ wọ́ọ̀dù, nítorí pé kò sẹ́ni tó jẹ́ kó sùn nílé ni.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń kọ rósítà náà, ẹ má to nàìtì ju mẹ́ta lọ tẹ̀ léra. Ẹ jẹ́ kó yípo láti mọ́níǹ sí ọ̀sán, láti ọ̀sán sí òru, nítorí ara ń bá ìyẹn lọ dáadáa ju àyípadà sẹ́yìn lọ. Kí wákàtí 11 ó kéré tán wà láàárín iṣẹ́ kan sí èkejì.

7. Ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin ọdẹ.

Ẹni tó ti wà lójúfò fún wákàtí 17, ọwọ́ àti ojú rẹ̀ ń lọ́ra bíi ti ẹni tó ti mutí dé ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò ti gbà kó wakọ̀ mọ́. Ẹ rántí ìyẹn lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Benin lóru. Bí ojú bá ń wúwo, ẹ yà síbi tó láàbò, ẹ sùn fún ìṣẹ́jú ogún.

Ọdẹ tó ń ṣọ́ gẹ́ètì fún wákàtí 12 lálẹ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ ti ṣe wákàtí 72. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ iṣẹ́ lágbàáyé, ILO, ṣírò rẹ̀ ní 2021 pé iṣẹ́ tó bá tó wákàtí 55 lọ́sẹ̀ pa ènìyàn 745,000 ní ọdún 2016, nípa àrùn rọpárọsẹ̀ àti àìsàn ọkàn. Ẹ lọ wọn ìfúnpá yín lóṣooṣù. Ẹ má sì gbé jẹnẹrétọ̀ sínú yàrá gẹ́ètì nítorí òjò tàbí olè: gáàsì inú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹni tó bá sùn sínú rẹ̀ lè má jí mọ́.

8. Ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín, ẹ sì mọ ọjọ́ rẹ̀.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Òfin Employee's Compensation Act ti ọdún 2010 ní kí gbogbo agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san fún òṣìṣẹ́ sọ́dọ̀ NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó náà. Òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ san kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Inú owó yẹn ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tó bá fara pa tàbí tó kó àìsàn níbi iṣẹ́, kódà bó jẹ́ ọmọṣẹ́ tàbí òṣìṣẹ́ ojúmọ́. Láàárín ọjọ́ 14 ni kí ẹ jẹ́ kí ọ̀gá mọ̀, láàárín ọdún kan ni kí ẹ béèrè fún owó náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ pa ẹ̀dà mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dúró níwájú òfin.

9. Ẹ̀yin rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ó kù sọ́wọ́ yín.

Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí ẹ bá ń jó lọ síwájú Ọba ní àjọ̀dún Ojúde Ọba, gbogbo ayé ń wò yín, orí mi sì máa ń wú. Gèlè tẹ́ ẹ wé, ẹni tó hun aṣọ rẹ̀ jókòó sídìí òfì tọ̀sán-tòru. Àga tẹ́ ẹ jókòó sí, ẹnìkan la pákó rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú sọ́mìlù kan, ọgbà mẹkáníìkì kan tàbí abà gàrí kan. Ẹ yọ díẹ̀ nínú owó aṣọ ẹgbẹ́, ẹ fi ra ìbòmú àti ohun tí wọ́n ń fi dí etí, ẹ fi sanwó àyẹ̀wò etí, àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀fóró àti àyẹ̀wò òjé fún àwọn ọmọṣẹ́ ibẹ̀. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣágámù. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn lóṣù yìí, kí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ti parí kí Iléyá tó ń bọ̀ tó dé.